Bí a ṣe ń gbé ewu aláìsàn yẹ̀ wò kí a tó fi stẹ́ǹtì sí iṣan ọrùn

Àwọn iṣan kárótíìdì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tí ó gba ọ̀tún àti òsì ọrùn gòkè lọ sí orí. Ní abẹ́ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a pín sí ẹ̀ka méjì: ẹ̀ka kan a lọ bọ́ awọ ojú àti awọ orí, èkejì a wọ inú agbárí lọ bọ́ ọpọlọ àti ẹyinjú. Oríta yìí ni ọ̀rá ti máa ń dì mọ́ ògiri iṣan jù, pàápàá lára ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹni tí ń mu sìgá, àti ẹni tí ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ewu ibẹ̀ kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá nìkan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé èérún ọ̀rá tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì a já kúrò lójú ibẹ̀, a bá ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, a sì dí iṣan kékeré kan pa níbẹ̀. Ohun tí a ń pè ní rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Stẹ́ǹtì jẹ́ àwọ̀n onírin tí a ká mọ́ ara túùbù tẹ́ẹ́rẹ́, tí a tì láti inú iṣan itan tàbí ti ọwọ́ títí ó fi dé ọrùn, tí a sì tú síbi tí iṣan ti dí kí ó lè ti ògiri rẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí pé a kò fi ọ̀bẹ la ọrùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn oníṣègùn mìíràn, gbà pé ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ, èyí tí a fi ń la iṣan ọrùn láti kó ọ̀rá náà jáde, ni stẹ́ǹtì tọ́ sí. Èrò yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́kàn. Ọkàn tí kò lágbára, ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti bàjẹ́ àti ọrùn tí a ti fi ọ̀bẹ kàn rí ni ó ń sọ iṣẹ́ abẹ di eléwu. Ọjọ́ orí, iṣan tí ó ti wọ́ kọ́lọkọ̀lọ àti irú ọ̀rá tí ó dì sójú ibẹ̀ ni ó ń sọ stẹ́ǹtì di eléwu. Ẹnì kan lè wà nínú ewu méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó sì tọ́ sí i lè jẹ́ oògùn nìkan. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òṣìṣẹ́ ìlera tí ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì wà fún ẹbí tí a pè jókòó pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé.

Ìtàn àìsàn ni ìbẹ̀rẹ̀

Kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá iṣan tí ó dí yìí ti ṣe aláìsàn ní jàǹbá láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Kí a béèrè bóyá apá tàbí ẹsẹ̀ kan ti rọ rí, bóyá ẹnu ti yẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, bóyá ojú kan ṣoṣo ti ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ìgbà tí a fa kọ́tìnì bò ó. Kí a béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí iṣan ọ̀tún ni ó ń bọ́ apá ọpọlọ tí ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì, ti òsì a sì máa bọ́ èyí tí ń darí ọ̀tún. Ojú nìkan ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú iṣan rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá ọ̀tún ni ó rọ, tí iṣan ọ̀tún sì ni ó dí, kí a má ṣe yára di ẹ̀bi náà ru iṣan yẹn. Òòyì, orí fífọ́ àti dídákú lásán kì í sábà wá láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òòyì ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbi àyẹ̀wò tí a ti ń ṣèèṣì rí iṣan tí ó dí.

Ẹni tí ń gbé pẹ̀lú aláìsàn mọ̀ ju aláìsàn lọ nígbà mìíràn. Bàbá lè sọ pé apá òun kàn kú díẹ̀ ni, kí ìyá ilé fi kún un pé ife omi jábọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn lè yí gbogbo ìpinnu padà, nítorí ìwọ̀n ewu tí a lè fara mọ́ dá lórí bóyá iṣan náà ti fa àmì àbí kò tíì fà á.

Nínú ìwádìí NASCET tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1991, láàárín àwọn tí iṣan wọn ti fa àmì, tí ó sì dí láti 70% dé 99%, ẹni 26 nínú 100 tí wọ́n lo oògùn nìkan ni rọpárọsẹ̀ kọlù ní ẹ̀gbẹ́ náà láàárín ọdún méjì, nígbà tí ó jẹ́ 9 nínú 100 láàárín àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àǹfààní náà dínkù fún ẹni tí iṣan rẹ̀ dí ní 50% sí 69%, kò sì sí rárá lábẹ́ 50%. Ní ti ẹni tí kò ní àmì, ewu ọdọọdún rẹ̀ kéré púpọ̀, àwọn oògùn òde òní sì ti tún dín in kù. Ìdí nìyí tí àwọn ìlànà ní Amẹ́ríkà fi fi ìwọ̀n lélẹ̀ pé rọpárọsẹ̀ àti ikú tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 6% fún àwọn tí ó ní àmì, kí ó sì wà lábẹ́ 3% fún àwọn tí kò ní. Bí a bá rò pé ewu aláìsàn kan yóò kọjá ìwọ̀n yìí, iṣẹ́ náà kò ní èrè fún un.

Kí a kọ ọjọ́ tí àmì ìkẹyìn ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni rọpárọsẹ̀ mìíràn máa ń tètè tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, nítorí náà kò dára kí a jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ṣì rọ̀, èérún ṣì lè tètè bọ́ lára rẹ̀, fífi stẹ́ǹtì sí i láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́ sì léwu ju iṣẹ́ abẹ lọ. Bí ìkánjú bá wà, tí ara aláìsàn sì gba iṣẹ́ abẹ, ọ̀bẹ ni ó sàn.

Wíwọn bí iṣan ṣe dí

Ultrasound ọrùn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá níbi tí iṣan ti fún bá ju 230 sẹ̀ǹtímítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé iṣan náà ti dí tó 70% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 125 sí 230, a ń rò ó sí 50% sí 69%. Ọwọ́ ẹni tí ó di ẹ̀rọ náà mú ṣe pàtàkì, nítorí náà kí a má ṣe fi ultrasound nìkan gbé aláìsàn lọ sórí tábìlì. Àwòrán CT tàbí MRI ti iṣan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti inú àyà, níbi tí aorta, iṣan ńlá tí ó jáde láti inú ọkàn, ti tẹ̀, títí wọ inú agbárí.

Kí a tún wo ọ̀nà tí ẹni tí ó ka àwòrán fi ṣe ìwọ̀n. Ọ̀nà NASCET fi ibi tí ó fún jù wé ibi tí iṣan náà ti dára lókè. Ọ̀nà ECST ti ilẹ̀ Yúróòpù fi wé bí iṣan ṣe yẹ kí ó gbòòrò tó lójú ibẹ̀ gan-an. 50% ní ọ̀nà NASCET súnmọ́ 75% ní ọ̀nà ECST, nítorí náà ìwé àyẹ̀wò méjì lè dà bí ẹni pé wọ́n ń tako ara wọn nígbà tí ohun kan náà ni wọ́n rí.

Pé kí àwòrán wọ inú agbárí kan àwa aláwọ̀ dúdú ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí wọ́n kópa nínú àwọn ìwádìí ńlá wọ̀nyí jẹ́ aláwọ̀ funfun, tí àìsàn iṣan wọn sábà máa ń jókòó sí ọrùn. Láàárín àwa, dídí àwọn iṣan tí ó wà nínú agbárí wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibi méjì bá dí lórí ọ̀nà kan, títún ti ọrùn ṣe lè má tán ìṣòro náà. Ẹni tí ó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS yàtọ̀ pátápátá: inú agbárí ni iṣan tirẹ̀ ti sábà máa ń fún, ẹ̀jẹ̀ gbígbà àti oògùn hydroxyurea sì ni ìtọ́jú tí a mọ̀ fún dídènà rọpárọsẹ̀ rẹ̀.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀

Dókítà ọpọlọ, tàbí ẹlòmíràn tí a kọ́ ní lílo òṣùwọ̀n NIHSS tí a fi ń wọn bí rọpárọsẹ̀ ṣe le tó, ni kí ó yẹ aláìsàn wò, kí ó má sì jẹ́ ẹni tí yóò fi stẹ́ǹtì náà sí i. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ètò Medicare (ìṣèdúró ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà) béèrè irú àyẹ̀wò yìí ṣáájú iṣẹ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó sanwó. Àwòrán ọpọlọ yóò fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú rẹ̀ rí, bóyá ibi tí rọpárọsẹ̀ bàjẹ́ tóbi, àti bóyá àwọn àmì funfun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń fi sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Nínú ìwádìí ICSS, tí ó fi stẹ́ǹtì wé iṣẹ́ abẹ, bí àwọn àmì funfun yìí ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu stẹ́ǹtì ń ga sí i. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rà, tí kò lè dá jẹun tàbí dá wẹ̀, kò ní ọpọlọ tí ó lè fara da èérún díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ orí àti ọ̀nà tí wáyà yóò gbà

Bí a bá ní kí n mú ìbéèrè kan ṣoṣo, ìtẹ̀ aorta ni n ó ní kí wọ́n fi hàn mí. Lára ọ̀dọ́, àwọn iṣan mẹ́ta tí ó gòkè láti ibi tí aorta ti tẹ̀ jọ wà ní ìpele kan náà, wáyà tí ń ṣáájú túùbù stẹ́ǹtì a sì wọ̀ wọ́n tààrà. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń na aorta fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtẹ̀ náà a ga sókè, ìdí àwọn iṣan a sì wà nísàlẹ̀, débi pé wáyà ní láti gòkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tún ṣẹ́rí gòkè. A ń wọn bí ìdí iṣan àkọ́kọ́ ṣe jìnnà tó sí téńté ìtẹ̀ náà, ìbú iṣan kárótíìdì òsì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n: bí kò bá tó ìbú kan, oríṣi kìíní ni, láàárín ìbú kan sí méjì, oríṣi kejì, bí ó bá ju méjì lọ, oríṣi kẹta. Oríṣi kẹta ni kí a bẹ̀rù. Gbogbo ìgbà tí oníṣẹ́ bá yí túùbù lẹ́ẹ̀kan sí i láti wá ẹnu iṣan, ó lè ha ọ̀rá tí ó wà lára ògiri aorta, èérún rẹ̀ sì lè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ èyíkéyìí. Asẹ́ tí a ń ta sókè ọ̀nà láti gba èérún kò tíì sí níbẹ̀ ní àkókò yìí. Èyí wà lára ohun tí ó fà á tí rọpárọsẹ̀ fi ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí a kò fọwọ́ kàn rárá nígbà mìíràn.

Àwọn ìṣirò bá èyí mu. Nígbà tí a kó ìwádìí mẹ́ta ti ilẹ̀ Yúróòpù, EVA-3S, SPACE àti ICSS, pọ̀ ní ọdún 2010, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú láàárín 120 ọjọ́ jẹ́ 5.8% fún stẹ́ǹtì àti 5.7% fún iṣẹ́ abẹ láàárín àwọn tí kò tíì pé 70 ọdún. Láàárín àwọn tí ó ti pé 70 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di 12.0% fún stẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n 5.9% ni ó dúró sí fún iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí CREST, tí òun náà fi stẹ́ǹtì wé iṣẹ́ abẹ, rí i pé ní nǹkan bí 70 ọdún ni òṣùwọ̀n yí padà. Ní ìpele ìdánrawò rẹ̀, ìjàǹbá láàárín àwọn ẹni 80 ọdún sókè tó 12.1%. Síbẹ̀ ìwádìí SAPPHIRE ti ọdún 2004 ka ẹni tí ó ju 80 ọdún lọ mọ́ àwọn tí iṣẹ́ abẹ léwu fún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ka èyí sí àṣẹ láti fi stẹ́ǹtì sí gbogbo arúgbó. Kì í ṣe ohun tí ó sọ nìyẹn.

Kí a wo ìyókù ọ̀nà pẹ̀lú: ṣé iṣan itan ti dí, ṣé iṣan kárótíìdì òsì hù láti ara ti ọ̀tún, ṣé iṣan tí ó wà lókè ibi tí ó dí lọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí asẹ́ kò ní rí ibi tí ó tọ́ jókòó sí? Gbígba iṣan ọwọ́ wọlé lè yanjú díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a ń pè ní TCAR, níbi tí a ti ń la ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ ọrùn, tí a sì ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn nígbà iṣẹ́ kí èérún má bàa gòkè. Ó yẹra fún aorta pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí iṣan ìsàlẹ̀ ọrùn mọ́, kí ó sì tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti egungun èjìká iwájú dé oríta.

Ojú ibi tí ó dí

Ẹ̀jẹ̀ dídì tútù tí ń mì nínú iṣan jẹ́ ìdí láti má ṣe fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá tí ó rọ̀, tí ó dúdú lójú ultrasound, máa ń tètè fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí stẹ́ǹtì bá tẹ̀ ẹ́; èyí tí ó gùn ju mìlímítà 15 lọ náà léwu jù. Bí kálísíọ̀mù bá yí iṣan po bí òrùka, stẹ́ǹtì lè má là dáadáa. Ọ̀rá tí ó tún hù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àtijọ́, tàbí ọrùn tí a ti fi ìtànṣán tọ́jú nítorí jẹjẹrẹ, kò wá rí bẹ́ẹ̀: wọ́n sábà máa ń gba stẹ́ǹtì dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀bẹ ti ṣòro.

Ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀

Bí bàlúùnù tí a ń fẹ̀ láti la iṣan bá tẹ oríta iṣan náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí ń wọn agbára ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ a sọ fún ọpọlọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ru jù, lílù ọkàn a sì lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì rọlẹ̀. Oògùn atropine, tí ń mú ọkàn lù yára sí i, sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn aorta nínú ọkàn rẹ̀ ti fún, tàbí tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí gan-an, lè má lè fara da ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, ṣe dandan. Àwòrán ọkàn náà ṣe dandan bí a bá gbọ́ ariwo tí kò yẹ níbẹ̀.

Oògùn tí a ń fún sínú iṣan kí àwòrán lè hàn máa ń ni kíndìnrín lára, nítorí náà kí a mọ agbára kíndìnrín ṣáájú, kí a wádìí bóyá ara aláìsàn ti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí, kí a sì dá metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, dúró bí kíndìnrín bá ti rẹ̀ púpọ̀. Kí a béèrè nípa àgbo, kí a má sì fi ìbínú béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé wọ́n máa bú òun yóò ní òun kò mu nǹkan kan, a kò sì ní mọ ohun tí ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ tàbí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tíì ká wọ́ kò ní jẹ́ kí a fi ọkàn balẹ̀. Ọpọlọ tí ó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ gbé ayé fún ọdún mélòó kan lè má mọ bí yóò ti gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó dé lójijì. Orí fífọ́ líle, gìrì, àti ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí iṣan ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ti dí pátápátá ni kí a ṣọ́ jù.

Aspirin àti clopidogrel

Níbí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́ láìsí ariwo. Irin tuntun nínú iṣan ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì, nítorí náà aláìsàn gbọ́dọ̀ ti máa lo aspirin àti clopidogrel, oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, papọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó máa lo méjèèjì lọ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì wá máa lo ọ̀kan títí lọ. Nítorí náà, kí a béèrè bóyá ó ní ọgbẹ́ inú, bóyá ó ti ya ìgbẹ́ dúdú rí, bóyá wọ́n ti ń gbèrò iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un láàárín oṣù yẹn, bóyá ó ń lo oògùn líle tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nítorí ọkàn tí ń lù ségesège. Omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú, máa ń dín agbára clopidogrel kù. Pantoprazole sàn jù fún inú rẹ̀. Kí a sì béèrè tààrà bóyá owó oògùn náà wà, bóyá a sì lè rí i rà déédéé níbi tí ó ń gbé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ewu gidi ni, ó sì yẹ kí ó wà nínú fáìlì pẹ̀lú àwọn yòókù.

Gbígbé e lé òṣùwọ̀n

Ká ní bàbá ẹni 66 ọdún kan ti gba ìtànṣán sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ rí, apá rẹ̀ rọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣan rẹ̀ dí ní 80%, aorta rẹ̀ jẹ́ oríṣi kìíní, ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ sì dára. Ọrùn rẹ̀ kò gba ọ̀bẹ, ọ̀nà wáyà rẹ̀ sì là: stẹ́ǹtì tọ́ sí i. Ká ní ìyá ẹni 82 ọdún kan kò ní àmì kankan, iṣan rẹ̀ dí ní 75%, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, aorta rẹ̀ jẹ́ oríṣi kẹta, kálísíọ̀mù sì yí ojú ibẹ̀ po. Wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ abẹ léwu fún un, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí stẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ ẹ́ ni oògùn ọ̀rá, aspirin, ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyẹ̀wò láti ìgbà dé ìgbà.

Kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ pé, nínú àwọn aláìsàn tirẹ̀, ẹni mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni rọpárọsẹ̀ tàbí ikú kàn láàárín oṣù kan. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Kí oníṣègùn náà ṣàlàyé ohun tí a ń fi dúró: nínú ìwádìí CREST, rọpárọsẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ jẹ́ 4.1% fún stẹ́ǹtì àti 2.3% fún iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ìkọlù ọkàn jẹ́ 1.1% fún stẹ́ǹtì àti 2.3% fún iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn fẹ́ràn ewu ọkàn ju kí apá àwọn rọ lọ, àwọn mìíràn yóò sì sọ òdìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kí a kọ sílẹ̀, bí ó bá lè sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti àkọ́bí rẹ̀ nìkan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a tún yẹ ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, kí a sì kọ ohun tí a rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago, nítorí òun ni a óò fi wé bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ó bá kúrò lórí tábìlì. Bí ibà bá wà lára rẹ̀, bí àmì tuntun bá ti yọ láti àná, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru kọjá bí ó ṣe yẹ, tàbí bí ó bá jẹ́wọ́ pé òun kò lo clopidogrel, kí a sún iṣẹ́ náà síwájú.